Ohun Tó Wà Nínú Kẹ̀ǹbẹ̀ Àwòrò Ibú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìyá ń pa á fún ọmọ tó ń yọ ẹran nínú ọbẹ̀, oníwàásù ń pa á níwájú ìjọ, kódà olè fúnra rẹ̀ ń pa á bí wọ́n bá jí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ta ló mòòkùn, inú omi wo ló mòòkùn sí, kí ló sì lọ jí níbẹ̀? Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnu ta ni òwe náà ti kọ́kọ́ jáde? Ẹ jókòó dáadáa. Bí ẹ bá ń jẹ ẹja lọ́wọ́, ẹ rọra, kí egungun má baà há yín lọ́fun, nítorí ẹ̀rín ń bọ̀.

Ìlú kan wà létí odò láyé ọjọ́un, Etíbú ni wọ́n ń pè é. Odò ló ń bọ́ wọn, odò ló ń wẹ̀ wọ́n, odò náà ni wọ́n sì ń bọ. Yèyé Ibú ni wọ́n ń pe ìyá tó ni omi náà. Nígbà tí òjò bá dá, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọn a sé odò. Kí ọjọ́ náà tó pé, olúkúlùkù ilé yóò ti ri ìgèrè tirẹ̀ sínú ibú. Ìgèrè ni agbọ̀n gígùn tí ẹja ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé tí kì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Wọn a ta màrìwò dí ọ̀nà odò, ó sì di èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fa ìgèrè sókè, ìbáà ṣe tirẹ̀, títí di ọjọ́ ọdún Yèyé.

Ẹja àkọ́fà ọjọ́ ọdún kì í ṣe ti ẹni tó ni ìgèrè o. Ti arúgbó tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀ ni, ti abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ni, ti aláìsàn tó wà lórí ẹní ni. Wọ́n ní bí àwọn wọ̀nyí bá jẹ tán, tí wọ́n nu ẹnu, tí wọ́n sì súre, kò ní sí ìyàn ẹja ní Etíbú. Ẹ wò ó, ẹ̀sìn tó ka ebi arúgbó sí, ẹ̀sìn gidi nìyẹn. Ènìyàn ló ń ba ẹ̀sìn jẹ́, ẹ̀sìn kì í ba ara rẹ̀ jẹ́.

Òfin odò sì le. Ẹni tó bá jí ẹja nígbà tí a sé odò, wọn yóò já òrùlé rẹ̀, wọn yóò fi ọkọ̀ gbé e sọdá kí oòrùn tó wọ̀, kò sì gbọdọ̀ padà wá láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá tó ṣe òfin yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu ènìyàn lè pa ènìyàn. Wọ́n gbé òkúta pẹrẹsẹ kan kalẹ̀ létí omi. Ẹni tó fẹ̀sùn kan ọmọnìkejì rẹ̀ àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò jọ jókòó lé òkúta náà, ìdí kan ìdí, wọn yóò sì jọ búra. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó síbẹ̀. Ewúrẹ́ ló sọ ọ́ di ibùsùn.

Ẹni tó ń ṣọ́ odò bí a bá ti sé e ni Àwòrò Ibú, olùbọ Yèyé. Ní àkókò tí à ń wí yìí, Omíkúnlé ni Àwòrò. Háà, Omíkúnlé! Bí ìwà mímọ́ bá jẹ́ aṣọ, tirẹ̀ ìbá máa wọ́ nílẹ̀ gbàlẹ̀ gbàlẹ̀. Funfun ní í wọ̀ láti òkè délẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í yára rìn, bí ènìyàn bá kí i, yóò kọ́kọ́ wo òkè bí ẹni ń gba àṣẹ kó tó dáhùn. Oníkálukú ní oríkì tí baba rẹ̀ fún un. Omíkúnlé ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà ló sì ń kì í:

"Èmi Omíkúnlé, arìnnísàlẹ̀-omi-bí-ẹni-rìn-nílé,
Ẹni tí Yèyé pè tí kò gbọdọ̀ má jẹ́,
Ẹni tó bá Yèyé jẹun tí kò jẹ ẹ́ kù,
Mo wọ omi lọ, n kò mú nǹkan dání,
Mo jáde nínú omi, ìbùkún kún mi mọ́ra."

Ẹni tó bá fetí sí oríkì yìí dáadáa, gbogbo ẹ̀rí ló ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní í fetí sí oríkì ẹni tó ń ki ara rẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti sé odò, yóò gun orí àpáta tó yọrí sí omi, yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì ké tí ohùn rẹ̀ yóò dé ìpẹ̀kun ìlú: "Ará Etíbú, ẹ gbọ́ o! Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́!"

Ohùn náà dùn, kí a má purọ́. Ara àwọn ọmọdé a bù máṣọ. Àwọn ìyá àgbà a fọwọ́ kan àyà, wọn a ní, "Àṣẹ." Ìpè yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú.

Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, Àwòrò a lọ kí Yèyé nínú omi. Yóò wọ kẹ̀ǹbẹ̀ funfun kan tó fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀, yóò fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pinpin ní ọrùn ẹsẹ̀, yóò sì mòòkùn. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè bá a dọ́gba nínú èyí. Àwọn tó dúró létí omi a mú èémí sínú pẹ̀lú rẹ̀, wọn a mí, wọn a tún mú un sínú, wọn a tún mí, Omíkúnlé kò ní tíì yọrí. Bó bá ṣe pẹ́ tó nísàlẹ̀ ni ìyìn rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Wọ́n bi í nígbà kan ìdí tó fi ń di ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀. Ó wo òkè, ó ní, "Kí ẹ̀mí àìmọ́ inú omi má baà gba ibẹ̀ wọlé ni."

Lóòótọ́, ẹ̀mí àìmọ́ kan kò wọlé. Ẹja ló wọlé.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Kì í fọwọ́ mú ẹja rárá, nítorí ẹja ń yọ̀, èémí kò sì dúró de ẹnì kan nínú omi. Yóò tú ìdí ìgèrè, yóò ṣí ìbàdí kẹ̀ǹbẹ̀, yóò fi gba ìdí ìgèrè, yóò sì gbọ̀n ọ́n jìgì. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ a rọ́ wọlé, yóò fa okùn ṣòkòtò, yóò so ìdí ìgèrè padà bó ṣe bá a, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá yọrí, yóò ró àlà lé e. Àwọn ẹja a máa ta nínú kẹ̀ǹbẹ̀. Omíkúnlé náà a máa gbọ̀n bí ẹni òrìṣà fẹ́ gùn, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó jẹ́ ti ẹja nínú gbígbọ̀n náà. Ó ti fi òfin tirẹ̀ kún òfin àwọn baba: Àwòrò tó bá ti odò bọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fara kàn án, títí yóò fi wọ ojúbọ. Láìpẹ́, èéfín a bẹ̀rẹ̀ sí í rú lórí òrùlé ojúbọ. Ìlú a ní, "Yèyé ń dáná." Àgbàlagbà tó bí ọmọ ní í kúnlẹ̀, tí í forí balẹ̀ fún èéfín ẹja yíyan.

Bí ẹ bá wá bi Omíkúnlé nínú ọkàn rẹ̀ bóyá olè ni, yóò bínú. Lójú tirẹ̀, ẹnu tó ń bá Yèyé sọ̀rọ̀ ló yẹ kó bá a jẹun. Arúgbó tí kò ní eyín, kí ló fẹ́ fi ẹja ṣe? Abiyamọ ní ọkọ tó lè wá ẹja fún un. Aláìsàn ń kú lọ. Òun tó ń ru ẹ̀mí gbogbo ìlú, ṣé ewé ni kí òun máa jẹ? Bí ó ṣe ń bá ara rẹ̀ ṣe ẹjọ́ nìyẹn, tó ń dá ara rẹ̀ láre, tó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí kò rí ojútùú rẹ̀ ni àwọn ológbò. Bó bá ti ń ti odò bọ̀, wọn a tò tẹ̀lé e, ìrù wọn nà lóòró, wọn a máa ké "ńyáò" bí àwọn akọrin. Nígbà tó sú u, ó kéde fún ìlú pé ìránṣẹ́ Yèyé ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lé ológbò ní Etíbú, ìbáà jẹ́ pé ó gbé odindi ọbẹ̀.

Opó kan wà tí ilé rẹ̀ sún mọ́ omi jùlọ, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìlú òkè odò ni Ládèjọ ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ wá. Ládèjọ ti kú, wọn kò bímọ, iyàrá tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n sin ín sí. Kò sí ohun tí Àwẹ̀ró ní láyé ju ilé náà lọ, àti ìgèrè tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, àti ológbò kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Àwòrò ń kọjá, àwọn obìnrin ń fọṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, ológbò Àwẹ̀ró náà sì wà nínú àwọn tó tò tẹ̀lé e.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá Àwòrò, ẹ kú ìbọ o. Yèyé á gbà á."

Omíkúnlé wo òkè, ó mi orí.

"Ẹ má bínú o, bàbá. Èmi ni mò ń fún ológbò yìí lóúnjẹ, kì í tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Kí ló wá rí lára yín tí kò rí lára mi?"

"Ìránṣẹ́ Yèyé ni. Ó mọ ẹni mímọ́."

"Ìránṣẹ́ Yèyé! Ẹ gbà mí o. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ Yèyé, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá òun ló rán an pé kó jí ẹja gbígbẹ mi jẹ lánàá."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan fi aṣọ tútù bo ẹnu. Omíkúnlé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ, ẹja ń ta nítan rẹ̀, ọ̀rọ̀ opó náà sì gún un nínú ju egungun ẹja lọ. Ẹni tó ru ẹrù olè kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lọ́dún tó kọjá, ẹja àkọ́fà kò kárí àwọn arúgbó. Omi ọbẹ̀ lásán ni wọ́n fún àwọn mìíràn lá. Elétíbú, ọba ìlú náà, jẹ́ ẹni tó sanra, tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Ó ránṣẹ́ pe Omíkúnlé.

"Àwòrò, ọ̀sán gangan ni màá jókòó létí odò lọ́jọ́ ọdún, wọn ó fa ìgèrè níṣojú mi. Bó bá ṣófo, ìwọ ni o máa dárúkọ olè fún mi."

"Kábíyèsí, Yèyé lè jẹ́ ẹni tó jẹ ẹ́."

"Yèyé ti ń jẹun láti ìgbà baba mi, kò sanra tó báyìí rí. Bí Àwòrò kò bá mọ olè, a ó wá Àwòrò mìíràn tó mọ̀ ọ́n."

Omíkúnlé dé ilé, kò lè jẹun. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó ro ìlú já láti ilé dé ilé. Onílé yìí ní ẹ̀gbọ́n tó le, onílé yẹn ní ọmọkùnrin púpọ̀. Nígbà tó yá, ó rántí ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, ojú rẹ̀ là. Àlejò ni opó yẹn. Kò lọ́kọ, kò lọ́mọ, ilé rẹ̀ ló sún mọ́ omi jù. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgèrè ni ó ń gbọ̀n sínú kẹ̀ǹbẹ̀ àfi ti Àwẹ̀ró. Tirẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ kó kún. Ní ìrọ̀lẹ́, a tún gun orí àpáta, a tún ké ìpè rẹ̀, àní ohùn rẹ̀ tún wá dùn sí i.

Ọjọ́ ọdún pé. Etí odò kún dẹ́nu. Elétíbú jókòó lórí àga, àwọn arúgbó jókòó ní iwájú pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de ẹja wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn fa ìgèrè sókè. Ti àkọ́kọ́, fúyẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, fúyẹ́. Wọ́n fà á títí, ọwọ́ kò wúwo. Àwo wà lọ́wọ́ àwọn arúgbó bí ojú tó là tí kò rí nǹkan. Ìgbà tí wọ́n dé orí ti Àwẹ̀ró, okùn náà le tantan. Ìgèrè yọrí, ó kún, ẹja ń ta nínú rẹ̀ pàtì-pàtì.

"Ẹ̀ẹ̀ẹ́!" ni ìlú ké.

Àwẹ̀ró dìde níbi tó wà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìgèrè ẹni kún fún ẹja, ìdùnnú ló yẹ kó jẹ́. Tirẹ̀ di ọ̀fọ̀ lójú ara rẹ̀.

"Ẹ dá a padà sínú omi," ni Elétíbú wí. "Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí a ó fi gbọ́ ẹnu Yèyé. Àwòrò, lọ bi í."

Èyí gan-an ni Omíkúnlé ń retí. Ó ki ara rẹ̀ dáadáa, ó di ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀, ó sì mòòkùn. Ìsàlẹ̀ omi tutù, ó dákẹ́. Kò sí Yèyé kankan tó jókòó dè é níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí Omíkúnlé níbẹ̀ rí bí kò ṣe àwọn ẹja, òun náà ló sì ń jẹ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣe ni kó di kùkùté igi kan mú, kó dúró díẹ̀, kó sì gòkè lọ dárúkọ opó. Ṣùgbọ́n bó ti dúró, ìgèrè Àwẹ̀ró wà lẹ́bàá rẹ̀, ó rí bìrìkìtì bí aboyún. Omíkúnlé wò ó. Ó yí ojú kúrò. Ó tún wò ó. Ó rò ó pé, ẹja ẹni tí wọ́n máa lé kúrò nílùú, ta ló tún máa bèèrè rẹ̀? Ṣé kí wọ́n dà á nù ni? Ìfiṣòfò kò dára. Yèyé kò fẹ́ ìfiṣòfò.

Ọ̀kánjúwà! Ó gbé olówó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìgbàlà tán, ó ní kí ó yà lọ mú nǹkan kan.

Ó tú ìdí ìgèrè, ó ṣí ìbàdí, ó gbọ̀n ọ́n jìgì. Ẹja rọ́ wọlé. Ọ̀kan nínú wọn tóbi, ara rẹ̀ ń yọ̀, kò ní ìpẹ́. Kò ta bí àwọn tó kù, ńṣe ló rọra lọ sùn sí abẹ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. "Àrọ̀ ńlá," ni Omíkúnlé wí nínú ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó so okùn, ó gòkè.

Ó yọrí, ó ró àlà rẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Kí ni Yèyé wí?" ni Elétíbú bèèrè.

Omíkúnlé wo òkè kó tó dáhùn. "Kábíyèsí, ẹnu mi kò fẹ́ gbé e. Ṣùgbọ́n Yèyé ní Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró aya Ládèjọ ló jẹ ẹ̀tọ́ àwọn arúgbó."

Ariwo sọ. Àwọn kan ti kọjú sí ilé opó náà láti lọ já òrùlé. Ọ̀kan ti ń tú okùn ọkọ̀ tí wọn yóò fi gbé e sọdá. Àwẹ̀ró wo ilé tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, ó wo oòrùn. Lẹ́yìn náà ó rìn bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ fún ọba.

"Kábíyèsí, n kò ní ẹni tó máa gbà mí sílẹ̀ nílùú yìí, n kò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ tí ẹ máa gbà gbọ́. Ohun kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ̀tọ́ mi sì ni. Òkúta ńkọ́?"

"Òkúta wo?" ni Omíkúnlé bèèrè, kíákíá ju bí ẹni mímọ́ ṣe ń dáhùn lọ.

"Èyí tí ewúrẹ́ wà lórí rẹ̀ yẹn, bàbá. Ẹni tó fẹ̀sùn kan ni a máa bá ni jókòó sórí rẹ̀. Ẹ wá bá mi jókòó. Bí a bá búra tán, kí wọ́n gbé mi lọ."

"Kábíyèsí, Àwòrò tó ti odò bọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó. Yàtọ̀ sí èyí, èmi kọ́ ni mo fẹ̀sùn kàn án. Yèyé ni."

Elétíbú fọwọ́ pa ikùn rẹ̀. "Òótọ́ ni, Yèyé ni. Ṣùgbọ́n Yèyé kò ní ìdí tó lè fi jókòó, Àwòrò. Ìwọ lo ní. Òfin tí mo bá nílẹ̀ ni òkúta. Tìrẹ yẹn, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò."

Wọ́n lé ewúrẹ́. Àwẹ̀ró jókòó, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Omíkúnlé wo òkè, òkè kò dá a lóhùn. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí ẹyin. Ìdajì ìdí rẹ̀ kan òkúta.

"Jókòó dáadáa," ni ọba wí.

Omíkúnlé jókòó dáadáa.

Kì í ṣe àrọ̀ ló wà níbẹ̀ o. Òjìjí ni. Òjìjí, ẹja tí kò lọ́fà, tí kò lápó, tó ń ta apẹja lápá. A-kò-léyín-bu-ni-jẹ, olómi tó ń sán bí ààrá. Òjìjí kì í bá ẹni tó fi í sílẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó lé e lórí ti wá a níjà.

"Yééè!" Omíkúnlé fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó wá sílẹ̀, òjìjí tún fún un ní òmíràn, ó tún fò. Apá rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sósì. Àwọn obìnrin wólẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀: "Yèyé ti gùn ún! Yèyé ti dé!" Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ orin. Omíkúnlé náà gbọ́ ọ, àní nínú ìrora yẹn, olè náà kò jáwọ́, ó ń pariwo pé, "Yèyé ni! Yèyé ni o!" Nígbà náà ni òjìjí fún un ní ìkẹta. Okùn ṣòkòtò já.

Kẹ̀ǹbẹ̀ wálẹ̀. Ẹja tú jáde: èpìyà, àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, wọ́n ń ta káàkiri lẹ́sẹ̀ ọba. Orin kú lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́. Ìlú wo ẹja, wọ́n wo Àwòrò tó fi ọwọ́ méjèèjì di àlà mú ní ìbàdí. Ológbò Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàrin gbogbo ìlú, ó yan èpìyà kan tó wù ú, ó gbé e lẹ́nu, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ìránṣẹ́ Yèyé ti gba iṣẹ́ rẹ̀," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, odò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kún padà. Arúgbó obìnrin kan fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó na àwo rẹ̀ síwájú. "Omíkúnlé! Èyí ti òní ni. Ẹja mi ti èṣí dà?" Wọ́n sáré lọ sí ojúbọ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Wọ́n bá àtẹ ẹja yíyan ní ibi tó yẹ kí wọ́n bá Yèyé, ó tò dé àjà.

Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì jókòó sórí òkúta, nítorí ẹni tí ọ̀bẹ kọjá lọ́rùn rẹ̀ kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Omíkúnlé, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe ń gbọ́ ọ láti orí àpáta wá sínú ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́:

"Bàbá, amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ń gbà á gbọ́ o. Mo rò pé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́ ni."

Omíkúnlé wo ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti di Àwòrò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò wo òkè.

"Èmi ọba ayé nìyí," ni Elétíbú wí, ó ń nu omijé ẹ̀rín. "Gbogbo ọdún tó fi ń lọ tó ń bọ̀ níwájú mi, n kò rí i, mo tún ń bùkún fún un." Àwọn kan ní kí wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n ti tú sílẹ̀ gbé e sọdá. Ọba kọ̀. "Bí mo bá lé e lọ, ìlú tó bá dé yóò tún fi jẹ Àwòrò. Ẹ fi í sílẹ̀ síbí. Ohùn rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ náà kò sì lábùkù. Bí a bá ti sé odò, yóò máa gun àpáta lọ ké ìpè rẹ̀ bó ṣe ń ké e. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò péńpé ni yóò máa wọ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn títí Omíkúnlé fi di arúgbó. Ẹja yíyan lọ sínú àwo àwọn arúgbó, Ládèjọ sùn níbi tó wà, aya rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan nínú ṣòkòtò péńpé a gun àpáta, a ké pé, "Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́!" Ìlú a sì dá a lóhùn láti ilé dé ilé pé, "A gbọ́, Omíkúnlé! Ó rí ọ!"

Ẹnu olè ni òwe náà ti jáde, òtítọ́ ni síbẹ̀. Òtítọ́ kì í ti ẹnu ẹlẹ́gbin gba ẹ̀gbin. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi ẹnu ara wa kọ ìdájọ́ ara wa lórin. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á fún ẹni tó ń ṣe ibi ní ìkọ̀kọ̀ tó rò pé kò sí ẹni tó mọ̀. Àwọn tí wọ́n sì máa ń tẹjú mọ́ jùlọ bí wọ́n bá ń pa á ni àwọn tí ẹnu wọn mọ́ ju ọwọ́ wọn lọ: ẹni tó ń wàásù tó ń jẹ ẹ̀tọ́ opó, ẹni tó ń ṣọ́ ìṣúra ìlú tó ń gbé e lọ sílé, ẹni tó bá jí tán tó ń nàka sí aláìlẹ́nìkan. Bí irú wọn bá wà nítòsí, àgbà a kàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Amòòkùn-jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́," a sì máa wo ìbàdí ṣòkòtò wọn.